Bàbá Onígẹ̀rẹ́ àti Ihò Mẹ́sàn-án

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tó rọ̀ gidi tí gọ́tà kún dé ojú títì, àwọn bàbá ẹlòmíràn á wá aṣọ bora, wọ́n á ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Bàbá tèmi kò jọ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá mi ni mò ń sọ. Òjò kò tíì dá tán tí wọ́n á ti máa wá bàtà òjò wọn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, torí pé ìkejì ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ya tipẹ́. Wọ́n á mú irin kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Irin agboòrùn ni, ẹyọ kan tí wọ́n yọ lára agboòrùn tó ti bàjẹ́, tí wọ́n wá nà títí ó fi tọ́ bí abẹ́rẹ́. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ké sí ìyá àgbà mi: "Ìyá Kúdí, mo ń lọ kí wọn o!"

Àwọn tí Bàbá ń lọ kí yẹn, ògiri ni.

Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Bíríkìlà ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í kọ́lé. Ògiri adálẹ̀dúró nìkan ni wọ́n ń mọ. Ẹni tó bá ń gba títì Àgbádárìgì kọjá lójoojúmọ́ á rò pé gbogbo ilẹ̀ wa ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Kó yà wọ Ìbà, kó rìn dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àbàtà. Á rí i pé àwọn ilé kan wà léjìká àwọn ilé mìíràn. Ẹni tó wà lókè nílò ògiri, kí ilẹ̀ rẹ̀ má bàa di ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ tí òjò bá dé. Òkúta, yanrìn, sìmẹ́ńtì àti irin ni Bàbá á dà pọ̀ sínú pákó, ògiri á wá dúró bí ọkùnrin tó na àyà. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Òkòkòmáíkò, Bàbá Onígẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní ìsàlẹ̀ gbogbo ògiri tí Bàbá bá mọ, wọ́n á fi ihò sí i, páìpù kéékèèké tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí wọ́n tò ní ìlà kan. Omi tó bá wọ inú ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ewé máa ń dí i, ikán náà máa ń dí i. Ohun tí irin agboòrùn wà fún nìyẹn.

Lọ́dún kan mo tẹ̀lé wọn dé ilé kan ní Ìbà tí onílé ti fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jáde sí wa, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń wá?"

"Ògiri yín ni mo wá kí."

"Ògiri?"

"Ẹ̀hẹ́n. Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ọmọ náà wo èmi, ó ń fi ojú bi mí bóyá èmi ni wọ́n ní kí n máa tẹ̀lé bàbá yìí kí wọ́n má bàa rìn bọ́ sójú títì. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ti irin bọ ihò, kò sí nǹkan. Wọ́n yí i, wọ́n fà á, wọ́n tún tì í. Lójijì omi pupa tú jáde, ó gbá wọn lójú, ó ṣàn gba irùngbọ̀n wọn. Wọn kò nù ún. Wọ́n yíjú sí ọmọ náà, ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu wọn.

"Ṣé o rí i? Ó ṣì mọ̀ mí."

Ẹ má retí pé kí n sọ ọdún tí wọ́n bí Bàbá. Èmi ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ìwé mi kò sì lọ jìnnà. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ni mò ń kọ, bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Bàbá kì í sọ pé omi ń jáde lára ògiri. "Tọ̀" ni wọ́n máa ń sọ. Ògiri yìí ti tọ̀, tọ̀hún kò tíì tọ̀. Wọ́n á sọ ọ́ níwájú àna, wọ́n á sọ ọ́ níwájú ààfáà. Ìyá àgbà á ní, "Bàbá Kúdí, ẹ tún ẹnu yín ṣe, àlejò wà ńlẹ̀." Bàbá á ní àlejò náà ń tọ̀.

Ẹnjiníà kékeré kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ ní Òkòkò, ọmọ tó mọ́ tónítóní, bàtà rẹ̀ ń dán. Onílẹ̀ kan ní kí ọmọ náà àti Bàbá jọ ṣe ògiri kan. Ọmọ náà tẹ́ bébà ńlá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó ń ṣàlàyé, ìlà lókè, ìlà nísàlẹ̀, nọ́ńbà. Bàbá ò mọ̀wé. Àwa lébìrà ti ń wo ara wa, a ti mọ̀ pé ìjà ń bọ̀. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Wọ́n wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ẹnjiníà, ibo ló ti ń tọ̀?"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó fi bírò tọ́ka sí àwọn ròǹdòròǹdò kan nísàlẹ̀ bébà. "Ibí yìí ni, sà. Mo tún fi òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí ó má bàa dí."

Bàbá gba bébà náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ka àwọn ròǹdòròǹdò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Látọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì títí Bàbá fi kú. Wọ́n á ní, "Ògiri tí kò bá tọ̀, bíbẹ́ ló máa bẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyẹn, ó ti kàwé."

Tí wọ́n bá pe Bàbá síbi iṣẹ́ tuntun, wọn kì í sọ iye tó máa gbà. Omi ni wọ́n máa ń béèrè. Onílẹ̀ á rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, á ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Bàbá á ní korobá kan gbáko. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé korobá lọ sókè gẹ̀rẹ́ náà, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé omi náà lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ adìyẹ lọ wo ibi tó ń yé sí. Níbi tí omi bá ti rì, wọ́n á dúró. Níbi tó bá ti yà, àwọn náà á yà. Wọ́n lè da korobá mẹ́ta.

Bàbá olówó kan ní Ọ̀jọ́ kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, èló ni mo béèrè. Ẹ̀yin ń fọlẹ̀ fún mi."

Bàbá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ ṣe sùúrù. Omi ti mọ ọ̀nà kí n tó dé. Mo wá bi í ni."

Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, ìyá mi fà mí lé Bàbá lọ́wọ́. Orúkọ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni Kòńtíráátọ̀, torí pé sòkòtò funfun ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ògiri àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n to pákó rẹ̀, mo tò ó, ó dúró ṣánṣán bí òpó iná. Inú mi ń dùn. Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Kòńtíráátọ̀, ṣé o ti bá wọn ti mọ́tò rí?"

"Mo ti bá wọn tì í rí, Bàbá."

"Wá ti èmi."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì wọ́n léjìká. Wọ́n ní kí n má kúrò níbẹ̀, kí n wo ara mi. Mo wò ó. Ẹsẹ̀ mi wà lẹ́yìn, àyà mi wà níwájú. Mo ti tẹ̀ síwájú láìmọ̀. Bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ fi ara ti ilẹ̀ nìyẹn, díẹ̀ báyìí, kó tẹ̀ sí ohun tó ń bọ̀ wá bá a. Mo tú gbogbo pákó yẹn, mo tún un tò. Àwọn lébìrà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbólóhùn tí Bàbá sọ, mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn látìgbà náà: "Ẹni tó ń ti mọ́tò kì í nàró."

Ìjà Bàbá àti Ìyá àgbà, orí àpò ìrẹsì ló máa ń wà. Ìyá àgbà ń ta ìrẹsì ní Ìyànà Ìbà. Àpò tó bá ṣófo, wọ́n ń tà á. Àmọ́ Bàbá nílò àpò náà, torí pé ògiri tuntun kò gbọdọ̀ tètè gbẹ. Wọ́n á rẹ àpò sínú omi, wọ́n á fi bo ògiri náà láti òkè délẹ̀, wọ́n á máa bu omi wọ́n ọn ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí Ìyá àgbà bá jí, tí wọn kò bá rí àpò, ilé á dàrú.

"Bàbá Kúdí! Ẹ ti tún kó àpò mi lọ da bo ìyàwó yín!"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni."

"Ògiri ń fi àpò mi bora, èmi ń sùn lórí ẹní lásán. Kẹ́ ẹ kúkú gbé e wọlé, kó wá máa se ọbẹ̀ fún yín."

Bàbá á fara balẹ̀, wọ́n á fi ohùn ẹni tó ń tọrọ àforíjì dáhùn. "Ìyá Kúdí, ìwọ ti gbẹ, o ti le, kò sí ohun tó lè ṣe ọ́. Òun ṣì tutù."

Ìyá àgbà ju ìpọnpọn tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ kan. Kò bà wọ́n. Ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó bà wọ́n.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ jígí wàyí.

Ní ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, Bàbá ń lo jígí ojú. Ìyá àgbà ló mú wọn lọ rà á, fírẹ́mù dúdú, gíláàsì rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Orí fìlà ló sábà máa ń wà. Tí Ìyá àgbà bá yọ lókèèrè, Bàbá á fà á wálẹ̀ sójú imú, wọ́n á máa gba òkè rẹ̀ wò yín. Tí wọ́n bá gba inú rẹ̀ wòran tí wọ́n sì rìn, wọ́n á kọsẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ ò rí i, ojú ti lọ." Wọ́n kọsẹ̀ lára àgbá omi, wọ́n kọsẹ̀ lára ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ tiẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo wọlé láìkan ilẹ̀kùn, mo bá Bàbá tí wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Jígí wà lórí fìlà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni òwú wọlé. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi, mo rí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Jígí yìí, Wàsíù, iyì ló wà fún."

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo jáde, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Èmi ni mo fi jígí yẹn sójú Bàbá. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Ògiri kan wà ní ẹ̀yìn Ìbà tí Bàbá mọ fún bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òkè ni ilé Tíṣà wà. Ní ìsàlẹ̀ ògiri náà, ẹ̀yìnkùlé ìyá kan ni, Ìyá Ràfátù, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ń sin adìyẹ. Ihò mẹ́sàn-án ni Bàbá fi sí i. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ògiri náà ṣì tuntun, iṣẹ́ abẹ ìpákè ni wọ́n ṣe fún Bàbá, dókítà sì ní kí wọ́n má rìn jìnnà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Bàbá pè mí, wọ́n fi irin agboòrùn lé mi lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹlòmíràn máa mú un.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ràfátù. Wọ́n jókòó sórí àpótí, bútà wà níwájú wọn, ojú wọn fà ro.

"Wàsíù, omi ògiri yín ò jẹ́ n kírun mọ́."

"Báwo, mà?"

"Ibi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá nìyí. Ibẹ̀ yẹn ni mò ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Omi á ti òkè wá, á rẹ gbogbo rẹ̀. Ta ló mọ ibi tó gbà kọjá? Ṣáláńgá Tíṣà ńkọ́? Mo ti tún àlùwàlá ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Àbí kí n máa lọ kírun lójú títì?"

Mo ní kí wọ́n kírun sínú ilé. Wọ́n ní inú ilé kún, ọmọ-ọmọ wọn mẹ́rin ló wà ńbẹ̀, wọ́n ń gun ẹ̀yìn wọn tí wọ́n bá foríbalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún mi. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀wà náà sì dùn. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ kù nílẹ̀ níbi iṣẹ́ kan ní iwájú. Mo bù ú wá, mo pò ó, mo dí ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pa. Mo fi àtàǹpàkò òsì dán ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá Ràfátù ṣàdúrà fún mi títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo délé, Bàbá nà gbalaja sórí àga.

"Ṣé gbogbo wọn tọ̀?"

"Gbogbo wọn tọ̀, Bàbá."

"Ti Tíṣà ńkọ́?"

"Ó tọ̀ dáadáa."

Mi ò tíì parọ́ fún wọn rí lórí iṣẹ́. Kò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu. Mo rò pé tí ara wọn bá yá, mo máa lọ ṣí i. Mi ò lọ. Òjò ń rọ̀.

Kí oṣù méjì tó pé, ọmọ Ìyá Ràfátù sáré wá bá wa. Ògiri ti yọ ikùn bí aboyún, ó ti là ní àárín. Bàbá kò dúró de bàtà òjò. Nígbà tí a débẹ̀, Tíṣà wà lókè, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ. Bàbá ní kí gbogbo èèyàn kúrò nísàlẹ̀, wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ mi, wọ́n dá lọ sídìí ògiri náà. A ń pariwo kí wọ́n padà. Wọ́n gbá ihò àkọ́kọ́. Ègé sìmẹ́ńtì jábọ́, omi sì tẹ̀lé e, ó ta jáde gbọọrọ dé àárín àgbàlá. Wọ́n ṣí gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ti pẹ́ jù, ihò kò lè gba ògiri náà là mọ́, ṣùgbọ́n omi tó jáde yẹn ni kò jẹ́ kó wó lu ilé Ìyá Ràfátù. Apá kan ṣoṣo ló dà lé ilé adìyẹ. Adìyẹ mẹ́ta ló kú, àkùkọ kan sì wà nínú wọn tí Ìyá Ràfátù ń dárúkọ di òní.

Bàbá ṣa ègé sìmẹ́ńtì kan. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ìka tọ ipa àtàǹpàkò tó wà lójú rẹ̀. Òsì. Wọ́n jù ú sápò.

Tíṣà ti sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ta ló dí àwọn ihò yìí?"

Ìyá Ràfátù wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Nígbà tí a ń da sìmẹ́ńtì, ó ti wọ inú wọn, n kò rí i. Ojú mi ti ń ṣú, Tíṣà. Ẹ forí jì mí."

Bàbá tí kì í parọ́. Wọ́n fọ́ ògiri yẹn pátápátá, wọ́n sì tún un mọ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbò tí wọ́n ń sìn sílẹ̀ de Iléyá lọ sí i. Àwa ló ń gbé òkúta, Bàbá ló ń ta okùn. Tí wọ́n bá gbá òòlù, wọ́n á gbé e fún mi, wọ́n á ní, "Gbá a." Nígbà tí a parí, wọ́n la gọ́tà kékeré kan gba ìdí ògiri náà kọjá, tó ń kó omi lọ sí àbàtà, tí ẹní ìkírun Ìyá Ràfátù ò fi tutù mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló gbà wá.

A ń rìn bọ̀ wálé lọ́jọ́ yẹn, a dé Ìyànà Ìbà. Wọ́n ra àgbàdo sísun méjì, wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi. Wọ́n wá sọ ọ́, wọn ò wojú mi. "Gọ́tà kékeré yẹn ni ibẹ̀ fẹ́, Wàsíù. Iṣẹ́ àárọ̀ kan."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ojú tó ń ṣú tàn kálẹ̀. Ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ni wọ́n bá fa Bàbá lọ ra jígí. Àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Bàbá Onígẹ̀rẹ́ ti darúgbó. Wọ́n á kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á wá pe ẹlòmíràn. Bàbá kò ráhùn. Wọ́n ń kí àwọn ògiri wọn kiri bíi ti tẹ́lẹ̀, jígí lórí fìlà. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọn kì í lọ kí mọ́. Wọ́n á na irin agboòrùn sí mi: "Ti Tíṣà, ìwọ ni kó o lọ." Mo ń lọ. Mo ń ṣe é dáadáa.

Àìsàn tó mú wọn lọ kò pẹ́. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ di mọ́ wọn nínú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fi rọ́bà kékeré sí wọn lára, tí ara tù wọ́n, wọ́n wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n mi orí. "Nọ́ọ̀sì, o mọ iṣẹ́ yìí. Èmi náà, láti kékeré ni mo ti ń fi páìpù sára ẹni ẹlẹ́ni. Ó ti wá kàn mí." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Mo ti la ẹnu. Àwọn àlejò wọlé. Ọjọ́ kejì, Bàbá ti lọ.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá kan láti Òkòkòmáíkò jókòó tì mí. Alhaji ni, ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ gan-an. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Onígẹ̀rẹ́ ni ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wá wo ilẹ̀ mi. Ìwọ ni mo máa gbé ògiri yẹn fún." Iṣẹ́ tí n kò tíì rí irú rẹ̀ rí nìyẹn. Mo ti ń ka iye àpò sìmẹ́ńtì lọ́kàn.

Ààfáà gbé makirofóònù fún Tíṣà. Wọ́n sọ̀rọ̀ tó dára. Wọ́n ní ògiri Bàbá kò lóǹkà. Wọ́n wá ní, "Ọ̀kan ṣoṣo ló já wọn kulẹ̀, tèmi sì ni. Ojú ti ń ṣú ni. Kò sẹ́ni tí kò ní í kàn. Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n."

Gbogbo èèyàn ní, "Àmín."

Àmín yẹn ni mi ò lè gbé. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni gbogbo kánópì ń bá Bàbá tọrọ àforíjì rẹ̀. Mo yọ ọwọ́ mi lọ́wọ́ Alhaji, mo dìde.

"Ojú Bàbá ò ṣú," ni mo wí. Mo tún un sọ. "Ojú Bàbá ò ṣú. Èmi ni mo dí ihò wọ̀nyẹn. Bàbá wà lórí àìsàn, wọ́n rán mi, mo dí i pa, mo ní ó tọ̀. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n gbà á mọ́ra torí mi."

Ìyá Ràfátù sì dìde láàárín àwọn obìnrin. "Kì í ṣe òun nìkan. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Torí àlùwàlá ni."

Ìyá àgbà ti la ẹnu sílẹ̀. "Ojú wọn ò ṣú? Àti jígí?"

"Wọn ò nílò rẹ̀, Ìyá àgbà. Ẹ má bínú."

"Ọdún mẹ́ta!" Wọ́n fi ọwọ́ lérí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lé wọn kiri pé kí wọ́n wọ̀ ọ́! Wọ́n fi jígí yẹn kọsẹ̀ lára ewúrẹ́! Bàbá Kúdí! Wàsíù, ìwọ ọmọ yìí, ewúrẹ́ yẹn lu bàbá yín mọ́lẹ̀ torí tìẹ!" Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. Ó jọ pé àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kó tó pẹ́, gbogbo kánópì ti gbà á, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi gèlè nu ojú.

Tíṣà tún gba makirofóònù. Wọ́n dúró bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. "Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Kò sí ògiri kankan tó já Bàbá kulẹ̀."

Alhaji gbọn aṣọ rẹ̀, ó kí mi, ó lọ kí oúnjẹ tó jáde. Mọ́ńdè ti kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì pè mí. Mi ò bínú sí i. Ká ní èmi ni, èmi náà ò ní pè mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo wá bàtà òjò. Ìyá àgbà ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà fún mi, dúdú àti aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú irin lórí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Tíṣà. Ihò mẹ́jọ ń tọ̀, omi rẹ̀ ń wọ gọ́tà, ẹní ìkírun Ìyá Ràfátù gbẹ. Ẹ̀kẹsàn-án kò ṣe nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti irin bọ̀ ọ́. Mo yí i. Mo fà á. Mo gbé ojú súnmọ́ ọn kí n lè rí inú rẹ̀.

Ó gbá mi lójú, omi pupa, ó wọ ẹnu mi.

Ìyá Ràfátù yọ orí ní fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Wàsíù! Ó ti tọ̀ sí ẹ lójú! Nu ojú ẹ jàre, ọmọ yìí!"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, mà. Ó mọ̀ mí."